Àwọn Tí Wọ́n Bí ní Ọjọ́ Kìíní Oṣù Kìíní

Ní Parakou níbí, tí ẹ bá bi àgbàlagbà léèrè ọjọ́ tí wọ́n bí i, ìtàn lẹ máa gbọ́. Ọdún tí eṣú jẹ oko ni. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ da ọ̀dà sójú títì ni. Ìgbà tí ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nílé ọkọ àkọ́kọ́ ni. Ìtàn náà máa ń dùn, ṣùgbọ́n ìjọba kì í gba ìtàn. Ọjọ́, oṣù àti ọdún ni ìjọba ń fẹ́. Nítorí náà, akọ̀wé á wo ojú ẹni náà, á wo ewú orí rẹ̀, á fojú díwọ̀n ọdún, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún báyìí ni wọ́n bí i. Àwọn akọ̀wé sì fẹ́ràn ọdún tó bá parí sí òdo tàbí márùn-ún. Bí ọ̀pọ̀ arúgbó ìlú yìí ṣe di ọmọ inú ọyẹ́ nìyẹn, àti ẹni tí wọ́n bí nígbà òjò, àti ẹni tí wọ́n bí nígbà ìkórè.

Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Tí ọdún tuntun bá ti mọ́, mo máa ń sọ fún ọkọ mi pé kó jẹ́ ká lọ bá gbogbo àdúgbò Titirou ṣe ọjọ́ ìbí. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí dá lórí bí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe ń yan ọ̀nà tó máa gbà wá nǹkan, àti lórí ẹnì kan tó kú nígbà tí ẹ̀rọ náà ṣì ń wá a. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Ẹni tó kú náà, èmi ni mo jẹ́ ọmọ fún un.

Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí. Ìwé ló gbé mi lọ sí gúúsù, iṣẹ́ ló sì gbé mi wá sí Parakou, níbi tí mo ti ń bójú tó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn lórí kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní í dárúkọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, n kò mọ ẹnikẹ́ni nílùú yìí àfi àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Tántí. Kí wọ́n tó bí mi ló ti lọ́kọ sínú ìdílé mùsùlùmí kan tó ń ṣòwò níbí. Ọdún méjì ni mo fi gbé yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Titirou kí n tó lọ́kọ, kí n tó kó lọ sí Banikanni. Òun ló ń jí mi láàárọ̀. Tí mo bá ní iṣẹ́ ti sú mi, á ní kí n wá bá òun ru àwo lọ́jà, ká lè mọ èyí tó máa sú mi jù.

Àwo tánganran ni Tántí ń tà ní ọjà Arzèkè. Àwọn àwo náà ga ju èèyàn lọ nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, nítorí ó ti ń bi mí tipẹ́ ohun tí mo ń ṣe tí mo fi ń jókòó látàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n sì ń sanwó fún mi. Mo ní kó wo ara rẹ̀. Tí oníbàárà bá béèrè àwo tí wọ́n ya ẹyẹ sí, tí kò ju mẹ́ta lọ nínú gbogbo ìsọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á lọ tààrà sí igun tí wọ́n wà. Ó ti mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àwo funfun ni oníbàárà ní òun fẹ́ wò, Tántí kì í ronú igun kankan. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí òkìtì, á máa tú u bọ̀ wá sílẹ̀, torí kò sí igun tí funfun kò sí. Mo ní ohun tí ẹ̀rọ mi náà ń ṣe nìyẹn.

Àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn dà bí ìwé ńlá kan. A máa ń ṣe atọ́ka fún un, bí èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ilé ẹ̀kọ́: ọ̀rọ̀ kan rèé, ojú ewé tó wà rèé. Àwọn èèyàn rò pé tí atọ́ka bá ti wà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lò ó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá bá wà lójú ewé méjì péré, atọ́ka dára. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ewé gbogbo, tí ẹ ń lọ sẹ́yìn ìwé tí ẹ tún ń padà síwájú, ilẹ̀ á ṣú bá yín níbẹ̀. Ó sàn kí ẹ ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nínú ẹ̀rọ náà, apá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó mọ èyí tó yá jù nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Olùṣírò ni mo ń pè é. Kì í sì í wo inú ìwé kó tó pinnu, nítorí tó bá ti wò ó tán, kí ló tún kù tó ń wá? Ìròyìn ló gbára lé: pé àwọn tó wà nínú ìwé tó báyìí, pé àwọn tí wọ́n bí lọ́jọ́ báyìí tó báyìí. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń kó ìròyìn náà jọ lóòrèkóòrè. Á mú díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ wò, bí ẹni tó fi ṣíbí tọ́ ọbẹ̀ wò, á sì fi ìyẹn mọ bí ìyókù ṣe rí.

Tántí fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó wá bi mí pé tí ẹni tó mú ìròyìn wá bá purọ́ ńkọ́. Mo ní kì í purọ́, ó kàn lè pẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́jà tàwọn, ìròyìn tó pẹ́ àti irọ́, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, lọ́dún kejì tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, egbò kan ti mú un lẹ́sẹ̀ rí. Mo mú un wá sí ilé ìwòsàn wa, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú, ètè rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ ti ń há. Orí ló yọ ọ́ pé dókítà kan ń kọjá lọ. Wọ́n dù ú títí ó fi yè. Nọ́ọ̀sì wá mú bírò pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà sórí fíìsì rẹ̀, ìyẹn páálí tí wọ́n ń kọ ìtàn àìsàn èèyàn sí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún obìnrin yìí ní pẹnisilíìnì mọ́ láéláé. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Páálí ni gbogbo fíìsì nígbà náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn aláìsàn tuntun nìkan la ń tẹ̀ sínú rẹ̀. Ti àwọn àtijọ́ wà lórí pẹpẹ nínú yàrá kan tí òjò ń jò sí, tí eku sì ń jẹ níbẹ̀ bó ṣe wù ú. Nígbàkígbà tí mo bá kọjá lẹ́nu yàrá náà, bírò pupa yẹn ni mo máa ń rántí. Tí eku bá jẹ páálí yẹn, ta ni yóò sọ fún wọn? Tántí kò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ tó wú òun lójú ló máa ń pè é, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí sì ń gbé ní Cotonou. Odidi ọdún kan ni mo fi bá àwọn ọ̀gá fà á kí wọ́n tó gbà pé ká kó gbogbo páálí àtijọ́ sínú ẹ̀rọ. Wọ́n rò pé mo fẹ́ràn iṣẹ́ jù ni. Tántí ni mo ń ṣe é fún.

Oṣù púpọ̀ la fi tẹ̀ wọ́n. Ti Tántí, èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ ọ̀rọ̀ bírò pupa náà sókè pátápátá, mo sì ṣètò rẹ̀ kó máa yọ ní àwọ̀ pupa, kí dókítà kankan má bàa fojú fò ó. Nígbà tí mo dé ibi ọjọ́ ìbí, ohun tó wà lórí páálí kò ju nǹkan bí ọdún báyìí lọ. Ẹ̀rọ kì í gba nǹkan bí. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo gba Titirou kọjá lẹ́yìn ìsìn, mo sì bi í léèrè.

“Wọ́n ní iṣu tuntun ni màámi rù bọ̀ láti oko tí ìrọbí fi mú un lójú ọ̀nà,” ó ní. “Ṣé inú ọyẹ́ ni iṣu tuntun máa ń jáde ni?”

“Tántí, ẹ̀rọ ò mọ iṣu. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ló wà lára káàtì ìdánimọ̀ yín, òun náà ni màá fi sí i.”

“Ṣé kò ní í ṣe nǹkan?”

“Kò lè ṣe nǹkan kan.”

Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí n wá jókòó jẹun.

Bí mo ṣe ṣe fún gbogbo wọn nìyẹn. Gbogbo páálí tó bá ti sọ nǹkan bí, mo sọ olúwa rẹ̀ di ọmọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Àwọn tó wà nínú ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú wọn, wọ́n ní ìwé ìbí, ọjọ́ ìbí wọn sì fọ́n káàkiri inú ọdún. Tí ẹ bá mú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún èyíkéyìí nínú tiwọn, ẹ kò lè bá ju èèyàn mẹ́ta mẹ́rin lọ. Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ olùṣírò nìyẹn. Nígbà tí àwọn arúgbó mi wá ya wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó yẹ kí ẹ̀rọ tún ọbẹ̀ náà tọ́ wò.

Kò tọ́ ọ wò, nítorí mo ti pa iṣẹ́ kíkó ìròyìn jọ náà. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀, ní àkókò tí èrò máa ń kún iwájú, ẹ̀rọ wa sì ti gbó. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo nǹkan á máa falẹ̀, ọ̀gá á sì máa kùn. Mo ní kí n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọ̀sẹ̀ kan náà di oṣù mẹ́jọ. Kò sí ẹni tó ní kí n má dá a padà. Mo gbàgbé ni, ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àwọn àgbà ní ìjàfara léwu. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi nítorí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Kì í ṣe pé n kò rí àmì. Láti ìgbà tí a ti tẹ àwọn páálí tán làwọn tó wà níwájú ti ń ráhùn pé tí àwọn bá ń wá àgbàlagbà, ẹ̀rọ máa ń há, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, wéré ló máa ń gbé e wá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ì bá ti béèrè ìdí tí ẹ̀rọ fi ń ṣe ojúsàájú. Mo ní kúràǹ ló ń ṣe é. Mo ní ẹ̀rọ ti darúgbó bíi tàwọn tí wọ́n ń wá. Mo fi ètè sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá: mo kọ́ wọn pé tó bá ti há, kí wọ́n ṣí fíìsì tuntun fún aláìsàn náà, pé ní òpin oṣù, èmi yóò pa tuntun àti àtijọ́ pọ̀. Inú wọn dùn, wọ́n kí mi. Inú tèmi náà dùn.

Ọjọ́ Monday kan ni, iṣu tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà. Mo ń mu tíì ní ọ́fíìsì mi nígbà tí fóònù orí tábìlì dún. Obìnrin tó ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sílẹ̀ níwájú ló pè mí.

“Mádáámù, ẹ̀rọ ti tún há. Ìyá kan ló wà níbí, ara rẹ̀ gbóná, kò lè sọ̀rọ̀, dókítà sì ń dúró de fíìsì rẹ̀.”

“Ṣí tuntun,” mo ní. “A ó pa wọ́n pọ̀ lẹ́yìn.”

Ó ní ẹ ṣeun, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì ń bá tíì mi lọ. N kò béèrè orúkọ. Láti ibi tí mo jókòó sí dé iwájú, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ. Mo ti kà á láti ìgbà náà, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹsẹ̀ náà ló tún dá egbò. Ọjọ́ mẹ́ta ni Tántí fi tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìró, torí kò fẹ́ ti ìsọ̀, kò sì fẹ́ kí n wá máa da òun láàmú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Monday náà, obìnrin tó ń ta aṣọ nítòsí ìsọ̀ rẹ̀ yà sílé láti bá a lọ sọ́jà, ó sì bá a lórí ẹní, ara rẹ̀ ń jó bí iná, ó ń pe àwọn èèyàn tó ti kú tipẹ́. Ó dá sẹ́mìjáǹ dúró, ọ̀kadà tiwa níbí nìyẹn, ó gbé e sáàárín ara rẹ̀ àti ẹni tó ń gùn ún, ó sì gbá a mú títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa. Káàtì ìdánimọ̀ Tántí nìkan ló rántí mú. Kò ní nọ́ńbà mi. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn náà, tó ń sunkún tó sì di ọwọ́ mi mú, ni pé ọkàn òun balẹ̀ bí àwọn ṣe dé ẹnu géètì, nítorí ibi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Obìnrin iwájú tẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lára káàtì, ẹ̀rọ há, ó pè mí, ó sì ṣí tuntun. Nínú fíìsì tuntun, ibì kan wà tó ń béèrè oògùn tí ara aláìsàn kò gbà. Ẹ̀rọ kì í jẹ́ kéèyàn kọjá tí ibẹ̀ bá ṣófo. Èmi ni mo ṣe é bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa máa fò ó. Wọ́n bi oníṣọ́ọ̀bù aṣọ tó gbé e wá léèrè, kò mọ̀. Obìnrin iwájú wá yan èyí tó sọ pé a kò mọ ọ̀kankan. Dókítà rí egbò, ó rí ibà, ó wo fíìsì, ó sì ní kí wọ́n gún un ní pẹnisilíìnì. N kò lè bá a wí. Ohun tó wà nínú ìwé ló tẹ̀ lé.

Igbe ni mo gbọ́ tí mo fi jáde. Mo rí oníṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì dá a mọ̀. Nígbà tí mo wọlé, wíwú ojú náà ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀ kí n tó dá olójú mọ̀. Mo ti rí i rí. Mo ní pẹnisilíìnì ni. Dókítà ní àwọn ti mọ̀, àwọn ti ń fún un ní oògùn tó yẹ kó pa agbára abẹ́rẹ́ náà. Ó bi mí bí mo ṣe mọ̀. Wọ́n dù ú bíi ti àkọ́kọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Tántí ti lọ.

Àwọn mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wé e ní aṣọ funfun, wọ́n sì sin ín lẹ́yìn ìrun Alaasárì ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà Cotonou. Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ pé àsìkò ló tó, pé Ọlọ́run tó fún ni ló gbà á. Àwọn kan tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé inú ilé ìwòsàn tí ọmọ rẹ̀ wà ló kú sí, pé wọn kò pa á tì. Mo ń dá wọn lóhùn àmín, àmín. Ọ̀rọ̀ náà ń korò lẹ́nu mi.

Ọkọ mi ní kí n má lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Mo lọ. Mo tẹ orúkọ Tántí àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ bí obìnrin iwájú ṣe tẹ̀ ẹ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣíwájú rẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí olùṣírò sọ ọ̀nà tó gbà. Olùṣírò jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Atọ́ka orúkọ kò wúlò fún un, nítorí a ti gbà kí àwọn tó wà níwájú máa fi èyíkéyìí nínú ègé orúkọ wá èèyàn, atọ́ka náà sì wà létòlétò bí ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹni tí kò bá mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò mọ ibi tó máa ṣí. Ó wá gba ti ọjọ́ ìbí. Ìròyìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sọ pé èèyàn mẹ́rin péré ló máa bá níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló bá. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lọ wá ìtàn àìsàn ẹnì kọ̀ọ̀kan wá, ó ń padà, ó tún ń lọ. Tántí wà láàárín wọn, ó ń dúró kó kan òun. Ẹ̀rọ náà kò ṣìṣe. Ìròyìn tó ti pẹ́ ló gbà gbọ́, èmi ni mo sì ní kó má tún kó òmíràn jọ.

Àṣẹ tó ń sọ ìròyìn dọ̀tun kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tó àkókò tí èèyàn fi ń mu ife omi kan. Mo tún wá Tántí. Lọ́tẹ̀ yìí, olùṣírò pa atọ́ka tì, ó ka gbogbo àkọsílẹ̀ láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí Tántí ṣe máa ń tú òkìtì àwo funfun, fíìsì rẹ̀ sì ti wà níwájú mi kí n tó gbé ọwọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ pupa náà wà lókè pátápátá, níbi tí mo fi í sí. Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, mo sì sunkún. Mo bú ara mi ní èdè Ṣábẹ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń bú wa nígbà tí a bá fọ́ ìkòkò. Kò ràn mí lọ́wọ́.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, ọmọ Tántí wá bá mi níbi iṣẹ́ láti gba ìwé tí wọ́n fi ń kéde òkú. Mo jù ú lọ ní ọdún mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n ló ń pè mí láti kékeré. Ó jókòó, ó ní òun ti bá oníṣọ́ọ̀bù aṣọ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni pé Màámi ti ní fíìsì níbí tẹ́lẹ̀?”

Mo lè sọ pé rárá. Kò sí ẹni tó lè já mi nírọ́. Èmi nìkan ló mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, mo sì ṣí fíìsì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti àtijọ́ àti ti ọjọ́ Monday. Ó fara balẹ̀ kà wọ́n. Ó tún ka ti pupa lẹ́ẹ̀kejì.

“Ta ló kọ eléyìí?”

“Nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́ sórí páálí. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ síbí.”

“Ta ló wá ní kí wọ́n ṣí èkejì?”

“Èmi.”

Mo ń retí kó pariwo, kó gbá mi létí, kó ṣe nǹkan kan. Ó fi ìka kan ibi tí ọjọ́ ìbí wà, ó ní wọn kò bí Màámi òun nínú ọyẹ́, ìgbà iṣu tuntun ni wọ́n bí i, kí n bá òun yí i padà kí ìwé ìkẹyìn rẹ̀ ó tọ̀nà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ní ohun tó wà lára ìwé òkú gbọ́dọ̀ bá ti káàtì ìdánimọ̀ mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo tẹ ìwé náà jáde pẹ̀lú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní lórí rẹ̀. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì, ó sì dìde.

“Ó dàbọ̀, mádáámù,” ó ní.

Láti ìgbà náà, kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Tó bá pọn dandan ká sọ̀rọ̀ nítorí ilé tàbí nítorí ìsọ̀, mádáámù náà ni.

Ẹ̀rọ ti ń kó ìròyìn jọ fúnra rẹ̀ padà báyìí, ní agogo márùn-ún àárọ̀ tí kò sí èrò. Síbẹ̀, tí mo bá ti dé ọ́fíìsì, èmi náà á tún tẹ àṣẹ ọlọ́rọ̀ kan yẹn kí n tó bọ́ báàgì léjìká. Mo ti ní kí wọ́n má ṣe ṣí fíìsì tuntun fún ẹnikẹ́ni tó bá ti wá rí. Kí wọ́n pè mí, màá rìn wá síwájú fúnra mi. Àwọn fíìsì méjì méjì tó kù láti ìgbà náà, mo ti ń pa wọ́n pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ní òpin oṣù. Tí mo bá yan méjì tí wọ́n jẹ́ ti ẹnì kan náà, ẹ̀rọ á gbé ibi tí wọn kò ti bára mu síwájú mi, á ní kí n yan èyí tó jẹ́ òótọ́. Mo ti yan ti gbogbo èèyàn tán, ó ku ti ẹnì kan. Ọ̀kan sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fún un ní pẹnisilíìnì mọ́ láéláé, èkejì sọ pé a kò mọ ọ̀kankan. Ibi ọjọ́ ìbí nìkan ni àwọn méjèèjì ti bára mu, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kò sì bi mí ní nǹkan kan.